Wọ́n mọ ìró lẹ́tà, wọn ò mọ̀wé kà: níbo ni fọ́níìkì ti já?

Ìbéèrè: Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn ni mí. Wọ́n pe àwọn tíṣà mi fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní ìwádìí ti fi hàn pé fọ́níìkì, ìyẹn fífi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ló dára jù. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, tí wọ́n jẹ́ 52, lè ké ìró lẹ́tà gbogbo bí ẹni ń kọrin, àmọ́ bí mo bá kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, mẹ́fà tàbí méje péré ló lè kà á. Wọn ò rí Gẹ̀ẹ́sì kà, wọn ò rí Yorùbá kà. Ṣé irọ́ ni ìwádìí náà ni, àbí àwa la ò mọ̀ ọ́n ṣe? Wákàtí kan lójúmọ́ ni mo lè yà sọ́tọ̀, kò sì sówó.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìwádìí náà kì í ṣe irọ́, àwọn tíṣà yín náà kò sì ya ọ̀lẹ. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ yín ni kò pé. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ kan tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n gbé kalẹ̀ kó ìwádìí lórí ìwé kíkà jọ, wọ́n sì tọ́ka sí ohun márùn-ún: kí ọmọ máa gbọ́ ìró inú ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó mọ lẹ́tà tó dúró fún ìró kọ̀ọ̀kan, kó máa kà á já gaara, kó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ púpọ̀, kó sì lóye ohun tó kà. Fọ́níìkì jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún. Ìró lẹ́tà tí àwọn ọmọ yín ń ké jẹ́ ìdajì ọ̀kan yẹn, nítorí pé fọ́níìkì gan-an ni síso ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ọmọ tó lè pe b, a, t lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò lè pe wọ́n pọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọmọ tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ni ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyẹn dá lé. Àwọn olùwádìí méjì, Gough àti Tunmer, kọ ọ́ ní 1986 pé òye ìwé kíkà jẹ́ ìlọ́po ohun méjì: agbára láti pe ohun tí a kọ, àti òye èdè tí a fi kọ ọ́. Ìlọ́po ni, kì í ṣe àròpọ̀. Mẹ́wàá lọ́nà òdo, òdo náà ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn tó tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè tí kò mọ ohun tó jẹ́, kò ní ohun tí yóò sọ fún un pé òun pè é dáadáa tàbí òun ṣì í pè. Bí ọmọ kan náà bá ka “ba-ta”, tó dúró, tó wá rẹ́rìn-ín pé “bàtà!”, etí rẹ̀ ló tún un ṣe fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ yí wákàtí yẹn sí Yorùbá ná.

Ìdí mìíràn tún wà. Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003 lórí èdè mẹ́tàlá ní Yúróòpù. Nígbà tí ọdún kìíní nílé-ìwé fi ń parí, àwọn ọmọ Finland, Greece, Italy àti Spain ń ka ohun tó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí ojú wọn mọ̀. Àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Scotland ka nǹkan bí 34, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè abínibí wọn. Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ Scotland kú. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ọmọ ṣeré. Àkọtọ́ Yorùbá ń tọ́ ọ̀nà ti Finland àti Italy: ohun tí ẹ kọ ni ẹ máa pè, yàtọ̀ sí ibi mélòó kan tí mo máa dárúkọ níwájú.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ni àwa Yorùbá sábà máa ń tọ́ka sí níbí. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé, ṣá, pé wọ́n ní ìwé tuntun tí wọ́n kọ fún wọn, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń fi Iṣẹ́ Ifẹ̀ búra lónìí kì í sábà mẹ́nu kan ìyẹn. Èdè nìkan kọ́ ló ṣe é.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ dán àwọn ọmọ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá. Ìwé kan ni ẹ nílò. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́wàá, ìpínrọ̀ kan tó ní gbólóhùn kúkúrú mẹ́rin, àti ìtàn bí ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Ọ̀nà yìí sún mọ́ èyí tí àjọ Pratham ti ń lò ní Íńdíà láti 2005. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpínrọ̀. Bí ọmọ bá kà á láìdúró ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lọ sórí ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀rọ̀. Kó mú márùn-ún tó wù ú, bó bá gba mẹ́rin, ipele ọ̀rọ̀ ló wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ sórí lẹ́tà, òfin mẹ́rin nínú márùn-ún náà ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fún ọmọ kan. Tíṣà méjì yóò parí ọmọ 52 láàárín wákàtí méjì.

Ẹ má ṣe mú ohun tí ẹ máa fi dán wọn wò láti inú ìwé tí wọ́n ń lò. Wọ́n ti há a sórí. Ọmọ á gbé ìka sórí ìlà kan, ẹnu rẹ̀ á sì ti dé ìlà kẹta. Nítorí irú èyí ni ìdánwò fọ́níìkì tí England bẹ̀rẹ̀ ní 2012 fi ní ogójì ọ̀rọ̀, tí ogún nínú wọn kò ní ìtumọ̀ kankan. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀dá àjèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ọmọ mọ̀ pé orúkọ lásán ni. Ẹ̀yin náà ẹ kọ márùn-ún: gbisa, fetọ, rukẹ, dafọ, pọṣu. Ẹ sọ fún ọmọ pé orúkọ àwọn àlejò ni, kó bá yín pè wọ́n. Ohùn yòówù tó bá fi pè é, ẹ gbà á. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá ó lè so kọ́ńsónáǹtì mọ́ fáwẹ̀lì fúnra rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí èsì yìí bí yín nínú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ pín wọn. Ibi tí ìwádìí ti lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yín nìyí, ó sì wúlò fún wákàtí kan tí ẹ ní. Pratham àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi Banerjee àti Duflo, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Kremer ní 2019, dán ọ̀nà kan wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ní ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Íńdíà: kí wọ́n kọ́ ọmọ láti ibi tó dé, kì í ṣe láti kíláàsì tó wà. Ní Bihar àti Uttarakhand, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kó ìwé fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ìwé wọlé, tíṣà padà sí ìwé kíláàsì rẹ̀, kò sì sí èrè nínú ìwé kíkà. Ní Haryana, wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́, wọ́n tún àwọn ọmọ tò gẹ́gẹ́ bí ipele wọn láìwo kíláàsì, àwọn alábòójútó sì kọ́kọ́ fi ọ̀nà náà kọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn kí wọ́n tó máa ṣọ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti tẹ̀ síwájú. Ẹ̀kọ́ kan náà, ìwé kan náà, ètò ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi wákàtí yẹn sí àkókò kan náà fún kíláàsì kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Bí agogo bá lù, ọmọ tó wà ní ipele lẹ́tà lọ sí yàrá kan, ti ọ̀rọ̀ lọ sí òmíràn, ti ìpínrọ̀ àti ìtàn lọ sí ẹ̀kẹta. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ jù ni kí ẹ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé òdìkejì ni a máa ń ṣe, nítorí àwọn tó ti mọ̀wé ló máa ń gbé orúkọ ilé-ìwé ga níwájú alábẹ̀wò. Ẹ má ṣe sọ ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ ní orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi yẹ̀yẹ́ ọmọ. Ẹ fi orúkọ odò tàbí ẹyẹ pè wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ tún wọn dán wò, ẹ sì ṣí wọn nípò. Ẹgbẹ́ tí a kò ṣí nípò ti di ẹ̀wọ̀n.

Ní ti fọ́níìkì fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe gbé ti Gẹ̀ẹ́sì wá sórí Yorùbá bó ṣe wà. Sílébù ni Yorùbá fi ń rìn. Kọ́ńsónáǹtì kì í tẹ̀lé ara wọn (gb jẹ́ ìró kan), kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí ọ̀rọ̀. Kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè (tí ohùn rẹ̀ kì í gba imú) 7 fún wa ní sílébù 126 láìka ohùn. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń kọ́ wọn kò nílò láti há 126 sórí; lẹ́yìn bí ogún, á máa kọ́ ìyókù fúnra rẹ̀. Ìdí tí àwọn ọmọ yín fi ń so ìró pọ̀ láìyọrí ni pé bí wọ́n bá pe b nìkan, fáwẹ̀lì mìíràn ti lẹ̀ mọ́ ọn: “bí, à” kò lè di “ba” láéláé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pe b nìkan. Ẹ kọ ba, ẹ fi ìka bo a, ẹ ní kí wọ́n pa ètè dé bí ẹni tó fẹ́ pe “bàbá”, kí ẹ wá ṣí a sílẹ̀ kí ètè náà ṣí sínú rẹ̀: ba. Lẹ́yìn náà ẹ yí fáwẹ̀lì padà, b kò kúrò: ba, bi, bu, bo.

Èyí ni ìtò tí mo dámọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: a, i, u, o, pẹ̀lú b, d, t, l, k. Ogún sílébù ni yẹn, pẹ̀lú fáwẹ̀lì tó dá dúró, ó sì tó láti ka ata, ilá, bàtà, àdá, odó, odò, ìlú, ìlù, dúdú. Kí ọmọ ti máa ka ọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà e, m, r, w, s, f: ilé, ewé, adé, ère. Ẹ jẹ́ kí e àti o rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí ẹ tó mú ẹ àti ọ wá, kí ṣ sì jìnnà sí s díẹ̀. Ohun tó jọra tí a bá kọ́ lọ́jọ́ kan náà ló máa ń dàrú mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Gb àti p tẹ̀lé e. P ti Yorùbá kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tí ẹ ti kọ́ ní ti Gẹ̀ẹ́sì yóò kọsẹ̀ níbí, ẹ fi “pápá” àti “àpò” tún un ṣe ní gbangba.

Ìránmúpè ló kẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì le jù. N lẹ́yìn fáwẹ̀lì kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, àmì ni pé kí ohùn gba imú: ìbọn, itan, ẹyin. Ní òdìkejì, ǹ inú pàǹtí jẹ́ sílébù kan tó dá dúró: pà-ǹ-tí, pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i kí ẹ tó kọ ọ́. A tún máa ń kọ ọn lẹ́yìn b, p, gb, f àti w, a sì ń kọ an lẹ́yìn àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ ìró kan náà ni ní ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin àkọtọ́ ni èyí, ẹ sọ ọ́ fún wọn bí òfin. Bí ọmọ bá kọ “inún” dípò inú, tàbí “ọmọ̀n” dípò ọmọ, ẹ má ṣe fi pẹ́ńsù pupa fa á ya. Etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa: fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé m àti n ń gba imú lóòótọ́, àkọtọ́ ló ní ká má ṣe kọ n síbẹ̀. Ẹ yìn ín, kí ẹ tó sọ òfin.

Ní ti àmì ohùn, àríyànjiyàn wà. Steven Bird tẹ ìwádìí kan jáde ní 1999 lórí èdè Dschang ní Cameroon, ó sì rí i pé àmì ohùn kíkún ń mú kí kíkà lọ́ra. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé kí a mú àmì kúrò nínú ìwé àwọn ọmọdé. Èmi kò gbà. Ohùn Dschang ń yí padà nínú gbólóhùn ju ti Yorùbá lọ, ti wa sì dúró gbọin nínú ọ̀rọ̀: igba, igbá, ìgbà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí ohun gbogbo tí ọmọ bá kà ní àmì pípé, kí ẹ máa kọ ohùn dò-re-mí ṣáájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí àmì ohùn tí kò fi sí i títí yóò fi máa kọ gbólóhùn fúnra rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà yàtọ̀. Ẹ àti e jẹ́ lẹ́tà méjì, ẹ béèrè àmì ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Báwo ni wákàtí náà yóò ṣe rí? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹnu nìkan, láìsí ìwé: pàtẹ́wọ́ sí sílébù, “kí ló kù bí mo bá mú à kúrò nínú àdá?” Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí pátákó sílébù, tíṣà kọ́kọ́ ṣe é, gbogbo wọn ṣe é, lẹ́yìn náà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kíkà pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àpèkọ: tíṣà pe sílébù mẹ́rin, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, gbólóhùn kan, ọmọ kọ ọ́. Àpèkọ ni kí ẹ má ṣe fò rárá, òun ló ń fi han yín lójú ẹsẹ̀ ẹni tí kò gbọ́. Márùn-ún tó kù, tíṣà ka ìtàn sí wọn létí, ìtàn tó le ju èyí tí wọ́n lè kà lọ, ó sì béèrè ìdí, kì í ṣe “ta ni” nìkan.

Ọ̀tá tó tóbi jù nínú wákàtí yìí ni “ẹ kà á lẹ́yìn mi”. Àádọ́ta ọmọ ń ké, mẹ́wàá ló ń kàwé, àwọn yòókù ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa ké. Ẹ fi ààyè gba àjùmọ̀kà lẹ́ẹ̀kan péré fún ìpínrọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kà á fún ara wọn ní méjì-méjì, tíṣà á sì máa rìn láàárín wọn láti gbọ́ ọmọ mẹ́jọ lójúmọ́, kó sàmì sí orúkọ wọn. Bí yàrá kan bá ní ogójì ọmọ, kò sí ẹni tí a kò ní gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Owó kò sí, ẹ ní. Ìwé ló nílò owó jù, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi pátákó rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ní Kenya, ètò Tusome tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 rí i pé ìwé kan kan ọmọ kan. Ẹ̀yin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú paali: ìtàn ọ̀rọ̀ ogójì sí ọgọ́ta, lẹ́tà ńlá, ẹ̀dà kan fún ọmọ mẹ́rin, ẹ̀dà mẹ́tàlá tó fún ọmọ 52. Kí tíṣà mẹ́ta pín in kọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìtàn láàárín yàrá. Ẹ má ṣe ní kí àwọn ọmọ dà á kọ láti ojú pátákó, ìdajì wákàtí ni yóò jẹ. Ẹ má sì rò pé bí ìjọba bá kó ìwé wá lọ́la, ọ̀rọ̀ ti parí: ìwádìí Glewwe, Kremer àti Moulin ní Kenya fi hàn pé ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín ran kìkì àwọn ọmọ tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ ga ju àwọn yòókù lọ.

Ìkìlọ̀ kan nípa dídín kù. Ní àríwá Uganda, àwọn olùwádìí Kerwin àti Thornton wo ètò kan tó ń fi èdè Leblango kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìwé kíkà. Ẹ̀dà tó pé mú kí àwọn ọmọ tẹ̀ síwájú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, tí wọ́n dín ìbẹ̀wò sí tíṣà kù, tí wọ́n sì yọ síléètì kúrò, kò rí èrè púpọ̀ nínú kíkà. Nínú apá kan iṣẹ́ kíkọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ tilẹ̀ rẹ̀yìn ju àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún lọ. Ẹ̀yin ni ìbẹ̀wò yẹn, ọ̀gá wa. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ wo ohun mẹ́ta: ṣé ìka ọmọ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń pè? Ọmọ mélòó ló ti dá kàwé láti ìgbà tí ẹ jókòó? Ṣé àpèkọ àná wà nínú ìwé wọn? Bí tíṣà bá ń ṣe àṣìṣe, ẹ gba ṣọ́ọ̀kì, ẹ ṣe é fún un wò. Fáìlì àti ìbáwí kì í kọ́ni ní sílébù.

Alábẹ̀wò lè béèrè ìdí tí ẹ fi ń lo Yorùbá, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti 2022, tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní November 2025, tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ìdáhùn yín kò le: iṣẹ́ Yorùbá wà lórí táìmù tébù, ìwé kíkà sì jẹ́ ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò dúró ní ti tirẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ fún wọn lójoojúmọ́, orin, àṣẹ, ìbéèrè àti ìdáhùn, kí ọ̀rọ̀ ti wà létí kó tó kan ojú. Bí ọmọ bá ti ka ìpínrọ̀ Yorùbá láìsí wàhálà, ẹ yí i sí ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì. Ìró tí wọ́n ti kọ́ yóò wúlò nígbà náà, ẹ kàn ní láti tọ́ka sí ohun tó yàtọ̀: p, fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì tó parí ọ̀rọ̀, àti èyí tó tẹ̀lé ara wọn. Ẹnu Yorùbá máa ń ki fáwẹ̀lì sáàárín wọn, òun ló jẹ́ ká ní búrẹ́dì àti tábìlì. Ẹ kọ bread sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá fáwẹ̀lì tó jẹ́ ti Yorùbá nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ mélòó kan á ṣì wà ní ipele lẹ́tà. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ọpọlọ wọn, ẹ wo ìwé orúkọ: ọmọ tó ń pa ọjọ́ ọjà jẹ ti pàdánù ẹ̀kọ́ kan nínú márùn-ún. Ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ náà, ẹ pe sílébù mẹ́wàá tí ó jọra, ba, da, ga, gba, kó tún un pè láìrí ètè yín. Ẹ gbé e sí ìlà iwájú fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá àdàkọ rẹ̀ yóò dára sí i. Bí etí àti ojú bá pé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú tíṣà kan ṣoṣo lójúmọ́, sílébù mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má sì fi ìkẹrin kún un títí yóò fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwò ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn.